Ọkọ̀ Ojú Irin Tòkunbọ̀: Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí wọ́n wá gbé wálé, Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ìdùnnú ni, nítorí pé ẹni tó ti òkun bọ̀ ti ní ilé tó ń dúró dè é: ẹbí ti gbálẹ̀, ìyá àgbà ti pọnmi, ọ̀já ìpọnmọ ti wà nílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn yá orúkọ ọmọ yìí fún mọ́tò, fún fìríìjì, fún ẹ̀rọ ìlọta àti fún táyà. Lónìí, bí wọ́n bá pe tòkunbọ̀ lọ́jà, kì í ṣe ọmọ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ sí mọ́.

Ní 2011, ohun tó tóbi ju mọ́tò lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ ní Èkó, kéde pé ọkọ̀ ojú irin oníná mànàmáná tí ìlú Toronto ní Kánádà kò fẹ́ lò mọ́ ni yóò máa gbé èrò ní Èkó. Iye tí wọ́n dárúkọ jẹ́ kọ́ọ̀ṣì 255, ìyẹn àwọn yàrá onírin tí èrò ń jókòó sí. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó dé. Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣègbé sójú ọ̀nà, àti bí ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n pa tì ní Amẹ́ríkà ṣe wá rí ilé sí Èkó ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, kan Ìjẹ̀bú-Òde gbọ̀ngbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú irin ìjọba kò kan ìlú náà rí.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn láti mọ ìdí tí ojú irin kò fi kan Ìjẹ̀bú.

Kí ó tó di 1892, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà tó wà láàárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè wà. Àwọn oníṣòwò Èkó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù wá sí ọjà Èjìnrìn létí ọ̀sà, àwọn Ìjẹ̀bú a gbà á lọ́wọ́ wọn, wọn a sì gbé e lọ sí òkè. Àjèjì kò gbọdọ̀ kọjá láìgba àyè. Èyí wà lára ohun tí Gómìnà Gilbert Carter kò fara mọ́ tó fi jẹ́ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ogun wá bá Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892, nígbà tí Awùjalẹ̀ Abókí Tùnwàṣe wà lórí oyè. Ìbọn Maxim borí àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà tí wọ́n ti sé di ọ̀nà gbogbo ayé.

Ọ̀nà là lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tó fi yà síbòmíràn. Ní 1896 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Ìddó ní Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní oṣù kẹta 1901. Ìbú ojú irin náà, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì, jẹ́ 1,067 mm. Ìjẹ̀bú-Òde kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án péré, ìlú tó ti jẹ́ aṣọ́nà di ìlú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹrù ilẹ̀ òkè tó ti ń gba orí àwọn aláàárù dé Èjìnrìn sì rí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ dé Èkó.

Ìjẹ̀bú kò káwọ́ gbera. Ojú títì ni wọ́n kọjú sí, wọ́n sì fi ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ akérò ṣòwò tó fi di pé kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí èèyàn kò ti lè rí oníṣòwò Ìjẹ̀bú. Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, dá ilé-iṣẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sí ìlú rẹ̀, òun náà ló sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà ní 1971. Ìlú tí ọkọ̀ ojú irin yà sílẹ̀ fi rọ́bà àti ojú títì wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú títì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó kò ju nǹkan bí 100 km lọ, yálà èèyàn gba Ṣàgámù tàbí ó gba Ẹ̀pẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé wákàtí báyìí ni òun yóò dé. Akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba àti aláìsàn tó fẹ́ rí dókítà ní Èkó, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Ẹni tó bá ti ń padà sí Èkó lẹ́yìn Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, mọ bí ọ̀nà ṣe ń rí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà 2021, gígùn rẹ̀ jẹ́ 157 km, Abẹ́òkúta ló sì tún gbà. Ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Mọ́níyà ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ. Orúkọ ọmọ ìlú dé ara ògiri ibùdókọ̀. Ojú irin náà kò dé Ìkẹ́nnẹ́, kò sì dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Èkó tí gbogbo ènìyàn ń rọ́ lọ náà ti pẹ́ tó ti ń wá ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀. Ní 1983, lábẹ́ Gómìnà Látéèf Jákàńdè, ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Metroline. Ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé e ní 1985, owó tí àwọn ará Èkó sì pàdánù lé ní $78 mílíọ̀nù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìgbà tí Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tún fi ọwọ́ kan iṣẹ́ bí èyí, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ará Ṣáínà kan, CCECC, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line láti Marina lọ sí ìhà Òkòkòmáìkò.

Owó ojú irin pọ̀, owó ọkọ̀ tí yóò máa rìn lórí rẹ̀ náà kò kéré. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Toronto ti wọlé. Ìlú náà ń gba ọkọ̀ tuntun láti 2011, ó sì fẹ́ gba àwọn àgbà ọkọ̀ kúrò lórí irin. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà: ìlú tó ti ń fi iná mànàmáná wakọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ láti 1954 ní àkísà tó dára ju aṣọ àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní H5, tí wọ́n kọ́ ní Thunder Bay láàárín 1976 sí 1979, ní ẹ̀rọ amúlétutù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí awakọ̀ wọn bá tẹ bíréèkì, mọ́tò inú wọn a máa dá iná padà sára irin tó ti gbà á, kí ọkọ̀ mìíràn lè lò ó. Àwọn H6 tẹ̀ lé wọn láàárín 1986 sí 1989. Ara wọn ṣì le. Ilé-iṣẹ́ Eko Rail, tí yóò máa wa ọkọ̀ lórí Blue Line, rí i pé bí wọ́n bá tún wọn ṣe, wọ́n ṣì lè sin Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ẹni tó bá ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí mọ ìṣirò náà: owó tuntun kò sí, iṣẹ́ ń dúró, ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò dáadáa sì sàn ju kí a máa fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò dà bí mọ́tò. Mọ́tò tó bá ti sọ̀kalẹ̀ ní èbúté, ojú títì èyíkéyìí ló lè gbé e. Ọkọ̀ ojú irin kò lè rìn àyàfi lórí irin tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu.

Ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ Toronto kò bá irin Èkó mu. Ìlú Toronto ní ìbú ojú irin tirẹ̀ tó ṣàjèjì sí ti gbogbo ayé, 1,495 mm. Ti Blue Line jẹ́ 1,435 mm, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ 60 mm, kò tó gígùn ìka àárín ọwọ́ àgbàlagbà. Síbẹ̀, nítorí 60 mm yẹn, wọ́n ní láti tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sún àwọn táyà onírin mọ́ra, kí wọ́n sì tún un tò. Iná náà yàtọ̀: 600 fóòtì ni Toronto ń lò, 750 fóòtì ni irin kẹta tó ń gbé iná lórí Blue Line. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fẹ́ ṣe àtúnṣe náà, wọ́n sì gbé díẹ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀ṣì náà lọ sí Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York.

Ohun tó wá fọ́ ìgbá náà ni àkókò. Toronto kò lè dúró. H5 ìkẹyìn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2013, H6 ìkẹyìn ní oṣù kẹfà 2014. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ojú irin Èkó kò tíì parí, àgbàlá tí wọn yóò máa sùn sí kò tíì ṣe tán, iná tí yóò máa wà wọ́n kò tíì sí. Ọkọ̀ tó bá dúró lójú kan láìṣiṣẹ́ ń gbó kíákíá ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ: omi ń wọ inú wáyà, rọ́bà ń gbẹ, àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ rẹ̀ ti ṣíwọ́. Ìnáwó àtúnṣe ń ga sí i, owó kò sì ti ibì kankan bọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó di 2015, Èkó ti yíjú sí ọkọ̀ tuntun láti ilé-iṣẹ́ tó wà ní Dalian ní Ṣáínà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ́ irin tà ni àwọn ọkọ̀ Toronto parí sí.

Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, 13 km, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023. Ààrẹ tó ṣí i ní oṣù kìíní ọdún náà ni Muhammadu Buhari, ẹni kan náà tí ìjọba rẹ̀ fagi lé Metroline ní 1985. Láti ọjọ́ tí H6 ìkẹyìn ti fẹ̀yìn tì ní Toronto títí di ọjọ́ tí èrò kọ́kọ́ wọkọ̀ ní Marina, ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ti òkun bọ̀, wọn kò tíì kọ́lé.

Ṣùgbọ́n Èkó kò kọ tòkunbọ̀ pátápátá. Ní 2009, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Gómìnà Jim Doyle, fi $47 mílíọ̀nù bá ilé-iṣẹ́ Talgo ti Sípéènì ṣe àdéhùn fún ọkọ̀ ojú irin méjì tí yóò máa rìn láàárín Milwaukee àti Chicago. Gómìnà tuntun, Scott Walker, dé pẹ̀lú ìlérí pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n ń gbèrò, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì gba $810 mílíọ̀nù tó fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́ padà. Wọ́n kọ́ ọkọ̀ méjèèjì parí, àmọ́ wọn kò gbé èrò kankan níbẹ̀. Wọ́n wọ́ wọn káàkiri láti ibi ìkópamọ́ kan sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní 2022, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú lọ sí Milwaukee, ó sì rà wọ́n fún Red Line. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Agbádó àti Ọyìngbò.

Kí ló mú kí ọkọ̀ Milwaukee rí ilé, tí ti Toronto kò rí? Ìbú irin àwọn Talgo jẹ́ 1,435 mm, bíi ti ojú irin tuntun tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí Red Line ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń fà wọ́n, wọn kò dúró de iná. Nígbà tí wọ́n fi rà wọ́n, iṣẹ́ ojú irin náà ti jìnnà. Wọn kò sì tíì ṣiṣẹ́ rí, nítorí náà tòkunbọ̀ ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe àlòkù. Àwọn tó rà wọ́n ti wo ilé kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ní Jakarta, olú-ìlú Indonéṣíà, tòkunbọ̀ ló gbé ìlú náà ró. Ní 2000, ìjọba ìlú Tokyo ní Jàpáànù fún wọn ní kọ́ọ̀ṣì oníná 72 lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, kọ́ọ̀ṣì àlòkù láti Jàpáànù tó wọ Jakarta ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, àwọn ni wọ́n sì ń gbé ògìdìgbó òṣìṣẹ́ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí tí èyí fi rọrùn kò ṣòro láti rí: àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbà àti ojú irin Jakarta ní ìbú kan náà, 1,067 mm, iná tí wọ́n sì ń gbà láti òkè jẹ́ 1,500 fóòtì ní ìlú méjèèjì. Bí ọkọ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá irin mu. Ó sì tún yẹ kí ará Ìjẹ̀bú fi etí sí i pé 1,067 mm yìí gan-an ni ìbú ojú irin tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ láti Ìddó ní 1896. Bí wọ́n bá ti fa iná sórí ojú irin àtijọ́ yẹn nígbà tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ Jàpáànù kan náà ni ìbá máa rìn láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta.

Ní Ìlú Ọba, erékùṣù Isle of Wight ń lo ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù tó ti fẹ̀yìn tì láti 1967, nítorí pé ihò kan wà ní ìlú Ryde tí ọkọ̀ gíga kò lè gbà kọjá. Àwọn kan tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1938 ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1989 títí di 2021. Àwọn tó rọ́pò wọn ní oṣù kọkànlá ọdún náà jẹ́ ọkọ̀ District Line, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ti wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní 2017. Ilé-iṣẹ́ kan, Vivarail, ra àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ó yọ ohun inú wọn, ó sì fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sí àwọn kan, ó fi bátìrì sí òmíràn, kí wọ́n lè rìn níbi tí kò sí irin tó ń gbé iná. Èyí fi hàn pé ọkọ̀ oníná lè rìn ní ilẹ̀ tí iná kò dé, bí ẹni tó rà á bá mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n owó irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ga, Vivarail fúnra rẹ̀ sì wọ gbèsè ní òpin 2022.

Ìlò mìíràn wà fún ọkọ̀ tí kò ní rìn mọ́. Láti 2001 sí 2010, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ New York ju kọ́ọ̀ṣì tó lé ní 2,500 sínú òkun ní etí ìpínlẹ̀ Delaware àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ẹja lè fi wọ́n ṣe ilé. Àwọn tí wọ́n fi irin tó nípọn ṣe dúró gbọn-in, ẹja sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe tinrín, tí ojú ń dán, wó lulẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ ní etí New Jersey. Ní Shoreditch ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ọ̀ṣì àtijọ́ mẹ́rin wà lórí òrùlé ilé kan láti 2007, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ń fi wọ́n ṣe ọ́fíìsì. Ohun ẹwà ni, ó sì wúlò. Kò sí ẹni tó ń fi wọ́n dé ibi iṣẹ́.

Èyí ni ọ̀rọ̀ fi padà sí Ìjẹ̀bú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ́ọ̀ṣì àlòkù kan wá sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la, wọ́n lè fi ṣe ilé ìkàwé, wọ́n lè fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni ìlú náà ń dúró dè láti 1901. Ohun tó ń dúró dè ni ọkọ̀ tó ń lọ, tó ń bọ̀, tí ìyá ọlọ́jà lè fọkàn sí aago rẹ̀.

Ìlérí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dé etí Ìjẹ̀bú. Ní oṣù kọkànlá 2014, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ ará Ṣáínà kan fọwọ́ sí àdéhùn $11.97 bílíọ̀nù fún ojú irin etí òkun láti Èkó dé Kàlàbá, nǹkan bí 1,400 km. Nínú àwọn ìlú tí wọ́n kà sílẹ̀ fún un, Ṣàgámù wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde wà níbẹ̀, Orẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí àdéhùn náà, ojú irin kankan kò tíì gba Ìjẹ̀bú. Ẹni tí wọ́n ti yà sílẹ̀ nígbà kan kò ní ṣàì bẹ̀rù pé wọ́n tún lè ya òun sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Toronto fi hàn pé ìlú tó ń dúró lè ṣiṣẹ́ nígbà tó ń dúró. Ilẹ̀ ni àkọ́kọ́. Bí ojú irin yóò bá gba ìlú kan, ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí àwòrán ilẹ̀ kí àwọn olówó tó kọ́lé sí i, nítorí ojú irin kò mọ bí a ṣe ń yà fún ògiri. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọba àti àwọn ẹbí onílẹ̀ ló lè ṣe èyí láìdúró de Àbújá. Ìbú irin ni èkejì: ohun tó bá yàtọ̀ sí 1,435 mm yóò sọ Ìjẹ̀bú di erékùṣù tí ọkọ̀ Èkó àti ti Ìbàdàn kò lè wọ̀. Ìkẹta ni àwọn ọwọ́ tó ń tún nǹkan ṣe. Jakarta kò ṣàṣeyọrí nítorí pé ọkọ̀ Jàpáànù kì í bàjẹ́. Ó ṣàṣeyọrí nítorí pé wọ́n ní ilé iṣẹ́ àtúnṣe, wọ́n sì ń tú àwọn ọkọ̀ tó ti kú láti fi wo àwọn alààyè sàn. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé-ẹ̀kọ́ gíga poli wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn mẹkáníìkì tó ń sọ ẹ́ńjìnnì tó ti kú di alààyè wà ní gbogbo igun Ìjẹ̀bú-Òde. Irú àwọn wọ̀nyí ni ojú irin ń wá, kò sì dìgbà tí ọkọ̀ bá dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ìdí kan tún wà tí èyí kò fi gbọdọ̀ dúró. H5 ti Toronto ṣiṣẹ́ fún ọdún 37, láti 1976 sí 2013. Bí àwọn ọkọ̀ oníná tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Blue Line ní 2023 bá lo iye ọdún kan náà, ní 2060 ni Èkó yóò máa wá ẹni tí yóò gba àwọn àgbà ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà náà, kò ní sí òkun tí wọn yóò kọjá, kò ní sí pé wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ tún ṣe ní Buffalo. Ìlú tó bá ti ní irin 1,435 mm nílẹ̀, tó ní iná 750 fóòtì, tó sì ní àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ni yóò jẹ ogún náà.

Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún yìí kò ní tíì pé ogójì ọdún nígbà náà. Ó lè jẹ́ òun ni yóò máa wa ọkọ̀ náà. Ó sì lè jẹ́ inú bọ́ọ̀sì ni yóò ṣì jókòó sí, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí wọn yóò máa sọ ìtàn ọkọ̀ kan tó fẹ́ wá nígbà kan fún un. Ilé ni wọ́n ń wò. Ìsinsìnyí ni wọ́n sì ń kọ́ ọ.